Apá Kejì Tó Ní Àpá

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kátúùnù ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ fún kíkà, ṣùgbọ́n n kò yọ ìbéèrè tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá bá fíìmù Yorùbá láyé kásẹ́ẹ̀tì mọ ohun tí à ń pè ní apá kejì. Ìyàwó tó ń gbé májèlé bọ̀ nígbà tí apá kìn-ín-ní tán, ó ṣì ń gbé e bọ̀ nígbà tí apá kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la sanwó, ìtàn kan la wò. Ti Hollywood yàtọ̀, kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á kó àwọn tá a fẹ́ràn padà wá, wọ́n á sì dá gbogbo wọn padà sí bí wọ́n ti wà, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe wọ́n rí. Ìdí nìyí tí n kò fi retí nǹkan kan lọ́jọ́ tí ọmọ mi ní ká jọ wo How to Train Your Dragon 2, èyí tí Dean DeBlois darí, tó jáde ní 2014.

Ẹ rántí èkíní, ti 2010. Hiccup, ọmọ ọdún 15, ọmọ Stoick tó jẹ́ baálẹ̀ Berk, erékùṣù àwọn Viking (jagunjagun àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù), ta dírágónì dúdú kan lulẹ̀, ẹranko inú ìtàn tó ń fò, tó sì ń tu iná lẹ́nu. Ìrù ẹranko náà já lápá kan, kò lè fò mọ́. Ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn fún un, ó sọ ọ́ ní Toothless, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, Hiccup jí lórí ibùsùn, ó wolẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lọ.

Lójú mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ gbèsè. Ó rọrùn kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ ní apá kejì. Wọn ò gbàgbé. Ọdún 5 ti kọjá, Hiccup ti pé 20, irun ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Irun hù, ẹsẹ̀ kò hù. Ẹsẹ̀ irin ló ń gbé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì dá fíìmù dúró láti káàánú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ láti ọdún yìí wá nìyẹn: apá kejì tó bá dára, ó ní láti ní àpá. Ìtàn tó bá gbàgbé ọgbẹ́ rẹ̀ ti parọ́ fún wa nígbà tó jẹ́ ká sunkún lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé eré ọmọdé lásán ni kátúùnù, ẹ ka àwọn fíìmù àgbàlagbà tí ẹ ń yìn fún mi: mélòó ni ẹni tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ ní apá kìn-ín-ní ti ṣì ń tiro ní apá kejì?

Ẹ wo Drago, ọ̀tá wọn. Djimon Hounsou, ọmọ Cotonou ní ilẹ̀ Benin, ló fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Dírágónì ti gba apá Drago kan. Òun àti Hiccup ló pàdánù ẹ̀yà ara sọ́wọ́ dírágónì. Ọ̀kan bá wọn ṣọ̀rẹ́, èkejì fi ẹ̀rù sọ wọ́n di ẹrú. Ó dùn mí pé wọn ò fún Drago ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti sọ.

Ikú Stoick ńkọ́? Òmìrán dírágónì tí Drago ń pàṣẹ fún gba àkóso ọkàn Toothless, Toothless dojú iná kọ Hiccup, bàbá bẹ́ sáàárín. Ọ̀rẹ́ ọmọ ló pa bàbá ọmọ. Hiccup pariwo mọ́ ọn pé kó máa lọ, ó tì í dànù. Mo bojú wo ọmọ mi. Kò mira.

Aago ti lọ, ẹ jẹ́ kí n kó ìyókù pọ̀. DreamWorks, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ṣe irinṣẹ́ tuntun orí kọ̀ǹpútà, Premo, tí ayàwòrán fi ń di ojú àti ọwọ́ ẹ̀dá inú fíìmù mú ní tààrà, dípò kó máa tẹ nọ́ńbà. Roger Deakins, gbajúmọ̀ tó ń ya fíìmù, gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ìmọ́lẹ̀. Owó tí fíìmù náà pa jákèjádò ayé ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe ní 2015.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti dìde lẹ́yìn.

“Ẹ ń sọ ti ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ fún 20 ọdún ńkọ́? Àpá tìyẹn dà?”

Ọ̀rọ̀ Valka, ìyá Hiccup, ló ń sọ. Dírágónì gbé e lọ nígbà tí Hiccup wà nínú ibùsùn ọmọ ọwọ́, Valka sì jókòó ti àwọn dírágónì, kò padà wálé. Mo ní: “Mà, àpá wà. Èékánná dírágónì yẹn ha ọmọ náà lágbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Àpá yẹn ni ìyá rí tó fi mọ̀ pé ọmọ òun nìyí.”

“Ó rí àpá. Ṣé ó bèèrè bóyá ó ń dùn ún?”

Mo ro ó. Kí Stoick tó kú, ó bá Valka pàdé, Valka ń ṣàlàyé, ó ń retí ìbínú. Ọkọ kò bínú, ó fọwọ́ kàn án lójú, wọ́n kọ orin àtijọ́ wọn, wọ́n jó. Mo ti yin ibẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọkọ nìyẹn. Ti ọmọ, wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀. Mo gbà fún un, mo sì ní kò burú tán: lẹ́yìn tí wọ́n finá sí ọkọ̀ òkú Stoick, Valka sọ fún Hiccup pé oṣù rẹ̀ kò pé nígbà tí wọ́n bí i, ó kéré, ẹ̀rù ń ba òun pé kò ní yè, àmọ́ Stoick ní yóò lágbára ju gbogbo wọn lọ.

Màmá náà kò tíì jókòó.

“Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn,” ló wí. “Èwo ni ti ìyá?”