Òkun Ló Ni Aago: Bí Ìdílé Ṣe Ń Sinmi Ní Erékùṣù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ wo àwòrán méjì yìí dáadáa. Etí òkun kan náà ni. Nínú ti àkọ́kọ́, omi kún dé ìdí àwọn igi, ó mọ́ bíi dígí, ọkọ̀ kékeré kan sì ń mì lórí rẹ̀. Nínú èkejì, ọkọ̀ yẹn kan náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn, omi sì ti sá lọ débi pé ìlà tín-ín-rín kan lókèèrè lẹ ń wò. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà péré ló wà láàárín àwòrán méjèèjì.

Ìdílé tó bá gúnlẹ̀ lásìkò àwòrán kejì lè rò pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Wọ́n ti sanwó, wọ́n ti wọkọ̀, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n wá débẹ̀, wọn ò bá òkun nílé. Kò sí jìbìtì kankan níbẹ̀. Wọn ò kàn béèrè aago lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni. Ní erékùṣù, òkun ló ni aago. Ìdílé tó bá gbà fún un ló ń rí ìsinmi. Èyí tó bá gbé aago tirẹ̀ wá láti ilé, ìjà ló máa bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òṣùpá ló ń fa omi òkun. Omi tó wà lápá ibi tí ayé kọjú sí òṣùpá á wú sókè díẹ̀, ti ẹ̀yìn ayé lọ́hùn-ún náà á wú. Bí ayé ṣe ń yí, erékùṣù tí ẹ wà á máa gba inú wíwú méjèèjì kọjá. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní ọ̀pọ̀ etí òkun. Láti ìgbà tó bá kún títí dìgbà tó máa tún kún, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni. Ẹ fọkàn sí ìṣẹ́jú 25 yẹn o, torí òun ló ń da ètò rú. Tí omi bá kún ní aago 10 àárọ̀ òní, lọ́la á ti di nǹkan bí aago 11 ku ìṣẹ́jú 10. Tí ẹ bá fi máa lo ọ̀sẹ̀ kan, àsìkò tí ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti di àsìkò tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ iyanrìn gbígbẹ.

Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di àrànmọ́jú, oòrùn máa ń bá a fà. Omi á kún ju bó ṣe máa ń kún lọ, á sì fà jìnnà ju bó ṣe máa ń fà lọ. Ẹni tó bá tẹ́ aṣọ ìnura sí etí omi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tó wá sùn lọ, bàtà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rìnrìn àjò.

Erékùṣù kan wà ní àríwá ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Lindisfarne. Ọ̀nà ọ̀dà ló wọ ibẹ̀, mọ́tò ń gbà á tí omi bá ti fà. Tí omi bá padà dé, ọ̀nà yẹn wọ abẹ́ òkun nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n kọ àsìkò rẹ̀ síta gbangba, síbẹ̀ àwọn kan á ṣì wakọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á ní àwọn á yára kọjá. Wọ́n ti kọ́ yàrá kékeré kan sórí òpó gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà nítorí irú wọn, kí wọ́n rí ibi gùn, kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa wo mọ́tò wọn bó ṣe ń mu omi iyọ̀.

Torí náà, kí ẹ tó ṣètò ohunkóhun, ẹ béèrè ìwé àsìkò omi. Wọ́n á ní in ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní èbúté, ó sì wà lórí fóònù. Ẹ wo ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà, kí ẹ wá fi ohun kan ṣoṣo kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun kan lójúmọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti kọ ibi mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí ẹ fẹ́ dé kó tó di ọjọ́ kẹta. Ẹ dákun, iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìsinmi.

Nígbà tí omi bá fà, kì í ṣe pé òkun ti tì. Àsìkò àwọn ọmọdé nìyẹn. Omi díẹ̀díẹ̀ máa ń kù sínú kòtò àárín àwọn àpáta. Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí omi náà. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, òkúta lásán lẹ máa rí. Tó bá di ìṣẹ́jú kejì, ọ̀kan nínú òkúta yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Akàn kékeré ni, tó gbé ìkarahun ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Tó bá dàgbà kọjá èyí tó wọ̀, á wá òmíràn tó tóbi, á fi èyí tó gbé wá sílẹ̀. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹ kó gbogbo ìkarahun etí òkun sínú báàgì.

Tí iyanrìn ibẹ̀ bá funfun, ìtàn kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í gbàgbé. Ní àwọn erékùṣù olóoru tí iyùn òkun (coral, ohun abẹ̀mí inú òkun tó le bí òkúta) yí ká, ẹja kan wà tó ní ẹnu bíi ti odídẹrẹ́. Á máa họ iyùn náà jẹ, á lọ̀ ọ́ kúnná, ohun tó bá sì jáde láti ìdí rẹ̀, iyanrìn funfun ni. Ẹja ńlá kan lè yàgbẹ́ iyanrìn tó wúwo ju àgbàlagbà lọ láàárín ọdún kan. Ẹ fojú inú wo ojú ọmọ ọdún méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó fi kọ́ ilé iyanrìn rẹ̀.

Tí omi bá wá kún, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo, kì í juwọ́, torí èémí tó máa fi pariwo ni kò ní. Nítorí náà, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí débi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ọmọdé, kí fóònù sì wà nínú àpò. Ẹ pín in ṣe: bàbá fún ìṣẹ́jú 20, ìyá fún ìṣẹ́jú 20. Tó bá jẹ́ pé gbogbo yín lẹ̀ ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tó ń tan ọlọgbọ́n. Ẹ ó rí ibì kan tí ìgbì ò ti fọ́, tó pa rọ́rọ́, tí ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi lè máa gbà padà sí agbami, ó sì lè yára ju òmùwẹ̀ tó gbóná jù lọ. Tó bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Ẹ léfòó, ẹ mí, ẹ nawọ́ sókè fún ìrànlọ́wọ́. Tí agbára bá wà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí omi á fi tú yín sílẹ̀.

Ti oòrùn kò gùn. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú jù. Ẹ fi ìpara oòrùn tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà ara ike tó ń sọ bó ṣe ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn tó) tó 30 para, kí ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì àti lẹ́yìn ìwẹ̀. Abẹ́ agbòòrùn nìkan ò tó, iyanrìn àti ìfófòó omi ń ta ìtànṣán padà lu ara. Àwọn kẹ́míkà kan nínú ìpara ń ṣe iyùn òkun ní jàǹbá: Hawaii, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ kìkì erékùṣù, ṣòfin ní 2018 láti fòpin sí títà méjì nínú wọn, oxybenzone àti octinoxate, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ẹ ka ara ike náà kí ẹ tó rà á.

Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, kó sì máa wo ibi tí ọ̀run àti omi ti pàdé. Etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ojú tó tẹ̀ mọ́ fóònù ń sọ pé nǹkan kan ò mì. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì ló ń di èébì.

Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ilé pa rọ́rọ́. Ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, ti òkun tó tutù á wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé tó kọjú sí òkun, kí ẹ fi oorun ṣe ètò ọjọ́ náà.

Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń béèrè pé aago mélòó ló lù mọ́. Àbíkẹ́yìn ló máa sáré wọlé, iyanrìn ní gbogbo ẹsẹ̀, á ní: "Mọ́mì, ó ti ń padà bọ̀ o!"