Ìpèbí Tó Wà ní Westminster

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi nìkan ni lónìí, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ nínú mi.

Ní May 6, 2023, aago mẹ́rin ìdájí ni màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní Houston jí mi. Ìsìn ìgbadé Charles, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní London máa bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún. Ọmọ Texas pọ́ńbélé ni màmá yìí. Láti 1776 ni Amẹ́ríkà ti kọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, òfin wọn ò tiẹ̀ gbà kí ìjọba fi ẹnikẹ́ni joyè ọlọ́lá. Síbẹ̀, ó ti wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ ọba bí ẹni ń ka ọmọ-ọmọ tirẹ̀.

Ta ni mo fẹ́ bá wí? Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò sẹ́bàá títì n'Ìbàdàn nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth, ìyá Charles, wá ní 1956. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun nìkan ló rí tí mọ́tò fi kọjá, ó sì ń ròyìn rẹ̀ di òní.

Mo ti máa ń rò pé ọrọ̀ ni gbogbo ayé ń wò: góòlù, ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ìgúnwà. Nígbà tó kan àtifòróró yan Charles, wọ́n bọ́ ẹ̀wù ìgúnwà lára rẹ̀, ó ku ẹ̀wù funfun lásán. Wọ́n wá fi aṣọ gbé e pamọ́. Kámẹ́rà ò rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1953: tẹlifíṣọ̀n fi adé Elizabeth han aráyé, kò fi ìfòróróyàn hàn.

Màmá gbé ife tíì dúró. "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ìpèbí nìyẹn."

Mo ṣàlàyé fún un. Ọba tuntun nílẹ̀ wa á wọ ilé kan, ohun tí wọ́n bá ṣe fún un níbẹ̀, ẹnu kì í ròyìn rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ló wọlé, ọba ló jáde. Adé tó máa dé gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ á bo ojú rẹ̀.

Ohun tó ń fa aráyé síbẹ̀ nìyẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Gbangba ni ààrẹ ti ń búra, gbogbo ẹ̀ la gbọ́. Kò síbi tí wọ́n ti ní ká má wò.

Igi kan ni wọ́n fi òwú ya sára aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ewé 56, orúkọ orílẹ̀-èdè Commonwealth kan lára ewé kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ó tún dùn mí: orúkọ wa wà lára aṣọ ìbòjú, àwa náà ò sì rí inú.

Nígbà tó yá, mo pe ìyá mi. Kò béèrè adé, kò béèrè ẹṣin.

"Kí ni wọ́n fi pa orí Kábíyèsí?"

"Òróró ólífì ni, mà. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti yà á sí mímọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n sì bò wọ́n?"

"Wọ́n bò wọ́n, mà."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe," ni ìyá mi wí.