Oríṣi Gbólóhùn Mẹ́rin Nínú Gẹ̀ẹ́sì: Ẹ Wá Páálí Kan

Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Fídíò tòní wà fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, tí wọ́n ní kó sọ irú gbólóhùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, tí ẹ̀yin náà wá ń họ orí.

Ẹ wá páálí kan, ti bisikíìtì náà tó. Ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Tèmi nìyí. Mo kọ "Bola" sórí èkíní, "is" sórí èkejì, "eating" sórí ẹ̀kẹta. Àmì ìdánudúró nìkan ló wà lórí ẹ̀kẹrin, mo sì jẹ́ kó tóbi dáadáa. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sẹ́yìn wọn.

Ẹ tò wọ́n: "Bola is eating." Ẹni tó sọ èyí ń ròyìn ohun tó rí ni. Kò bi wá ní nǹkan kan, kò sì rán wa níṣẹ́. Declarative ni ìwé ọmọ yín máa pè é. Gbólóhùn ìròyìn ni èmi ń pè é. "Bola is not eating" náà, ìròyìn ni. Àwọn ọmọ kan rò pé tí "not" bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di oríṣi mìíràn. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ló fà á, torí níbẹ̀, gbólóhùn ìyísódì ní àyè tirẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Nínú Yorùbá, tí mo bá fẹ́ bèèrè, mo lè fi "ṣé" síwájú kí n má fọwọ́ kan ìyókù. Bọ́lá ń jẹun. Ṣé Bọ́lá ń jẹun? Kò sí ọ̀rọ̀ tó kúrò láyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń kọ "Bola is eating?" tó sì gbà pé òun ti ṣe tán. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ṣé". Ọ̀rọ̀ kan ló máa dìde láàárín, tó máa lọ jókòó síwájú.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo mú páálí "is", mo gbé e kọjá lórí "Bola", mo fi í síwájú. Ó ku díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé iwájú gbọ́dọ̀ gbé lẹ́tà ńlá wọ̀. Ẹ yí páálí "is" padà báyìí, kí ẹ kọ "Is" sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yí páálí àmì ìdánudúró náà padà, kí ẹ kọ àmì ìbéèrè sí i. "Is Bola eating?" Lẹ́tà ńlá "Bola" ò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ o, orúkọ ènìyàn ni.

Ẹ kó páálí náà fún ọmọ, kó máa tò ó fúnra rẹ̀: ìròyìn, ìbéèrè, ìròyìn, ìbéèrè. Tó bá gbàgbé láti yí páálí padà, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn na ìka sí i.

Tí kò bá sí "is" tàbí "can" tó lè dìde ńkọ́? "Tola eats beans." Wọ́n á lọ yá "does" wá: "Does Tola eat beans?" Ẹ wo "s" tó wà lára "eats" tẹ́lẹ̀. "Does" ti gbà á wọ̀. "Does Tola eats beans?" ni bírò pupa mi ń mú jù. "S" kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, ẹni méjì ò lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkẹta ni àṣẹ, imperative. "Sit down." "Wash your hands." Ẹni tí à ń bá wí kò hàn, "you" fara pamọ́ síbẹ̀. Yorùbá máa ń sọ "jókòó" fún ọmọdé, "ẹ jókòó" fún àgbà. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ" yẹn, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni mo máa ń kọ́ wọn ní "please". Ọmọ kan ní kíláàsì mi kọ̀ jálẹ̀ pé "Please give me water, Mummy" kì í ṣe àṣẹ, pé òun ò jẹ́ pàṣẹ fún màmá òun láé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní orúkọ tí gírámà fún un lásán ni, màmá rẹ̀ ò ní bínú.

Ìkẹrin, exclamatory, ti ìyanu: "What a big yam!" Iṣu yìí mà tóbi o! Bí ọmọ bá ti rí "What" báyìí, àmì ìbéèrè ló kù. Ẹ bi í pé, "Ta ló máa dáhùn?" Kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ tún wo méjì yìí: "How sweet this mango is!" àti "How sweet is this mango?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kó jọ. Nínú ti àkọ́kọ́, "is" jókòó sẹ́yìn, ẹnu ń yà wá. Nínú èkejì, ó ti dìde kọjá sí iwájú "this mango", ó di ìbéèrè. Páálí wa náà nìyẹn.

Mo kọ mẹ́rin sórí pátákó láìfi àmì sí i. Ẹ dá fídíò dúró kí ọmọ ṣe é:

where is my shoe
my uncle sells bread
what a long snake that is
do not touch the stove

Ṣé ẹ ti padà? Ìbéèrè, ìròyìn, ìyanu. Èyí tó kẹ́yìn ló ń mú wọn: wọ́n rí "do", wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i. Ẹ ní kó wá "you" fún yín. Kò sí níbẹ̀, ó ti fara pamọ́, àṣẹ ni. Àmì ìdánudúró ni kó fi sí i, àfi tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti fẹ́ kan iná.