Máàkì Yunifásítì Nẹ́dálándì: Mélòó Gan-an Lẹ Nílò Nínú Fáínàlì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ máàkì àwọn ará Nẹ́dálándì la fẹ́ sọ lónìí, torí ó ń da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú, pàápàá ẹni tó ti yunifásítì nílé wa lọ tójú ẹ̀ ti mọ́ ọn pé 70 ni A, á wá rí 7, á kàn lẹ òdo mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Láti 1 dé 10 ni wọ́n ń fúnni. 5,5 lẹ fi máa yege, kọ́mà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn iléèwé kan ò tiẹ̀ ń kọ 5,5 sílẹ̀, àfi 5 tàbí 6, ẹ ó já síbì kan. 7 dáa gan-an. 8, ẹ pe ilé kẹ́ ẹ sọ fún wọn, torí níbi tó pọ̀, ẹni tí ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀ tó 8 ni wọ́n ń wò fún cum laude, ìyẹn ìyege pẹ̀lú ìyìn. 9 ṣọ̀wọ́n, 10 wá ńkọ́? Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn máa ń sọ pé Ọlọ́run ló ni 10, tíṣà ló ni 9.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ká ní kọ́ọ̀sì kan wà, midterm kó 30 nínú 100, àsáìnmẹ́ǹtì kó 20, fáínàlì kó 50 tó kù. Ẹ gba 4,8 ní midterm (ó ti ṣẹlẹ̀ ná), ẹ gba 7 nínú àsáìnmẹ́ǹtì. 4,8 lọ́nà 0,3 jẹ́ 1,44, 7 lọ́nà 0,2 jẹ́ 1,4, ẹ pa wọ́n pọ̀, 2,84 ti wà nílẹ̀ fún yín nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5,5, ó ku 2,66, ẹ wá fi 0,5 pín in torí ìdajì ni fáínàlì kó, 5,32 lẹ nílò. Tó bá jẹ́ 7 lẹ ń lé, 8,32 ni, iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Tó bá jẹ́ 8, ìṣirò yẹn á gbé 10,32 jáde, ìyẹn ni pé ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ sùn lórí 5,32 yẹn, ẹ ka ìwé òfin kọ́ọ̀sì yín dáadáa, torí kọ́ọ̀sì tó ní kí fáínàlì fúnra ẹ̀ tó 5,5 pọ̀, tó bá sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ 5,32 ò wúlò fún yín rárá.

Èyí tó tún ń ya èèyàn lẹ́nu ni bí póìǹtì ṣe ń di máàkì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á fi póìǹtì tó wà nínú ìdánwò pín èyí tẹ́ ẹ gbà, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 9, wọ́n á wá fi 1 kún un. Torí náà ẹni tó gba 20 nínú 40 ti ní 5,5 nìyẹn, ìdajì péré! Tí ẹ bá gba 19, 5,275 ni, kò tó 5,32 tá a ń wá. Tó bá wá jẹ́ objective, ẹ ṣọ́ra, wọ́n sábà máa ń yọ ohun téèyàn lè fi méfò gbà: ìbéèrè 40 tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, ẹni tí ò kàwé rárá lè rí nǹkan bíi 10 he níbẹ̀, fún ìdí èyí 20 ò ní gbà yín.

Máàkì kékeré yìí ò ṣeé fojú di torí EC, ìyẹn kírẹ́díìtì wọn, 60 ló wà nínú ọdún kan. Ẹni tó gba 5,5 àti ẹni tó gba 9, iye EC kan náà ni wọ́n ń gbà, àmọ́ ẹni tó gba 5,4 ò rí ẹyọ kan mú. Ọmọ ọdún kìíní tí EC ẹ̀ ò bá tó iye tí iléèwé ẹ̀ là sílẹ̀, wọ́n lè ní kó fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń kà sílẹ̀. Torí náà, bí ìṣirò yín bá ti lé ní 9, ẹ tètè wo ọjọ́ hertentamen, ìyẹn ìdánwò àtúnṣe, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, torí àwọn ibì kan wà tí wọn ò ní bá yín ṣe é.