Ìgbátí Orí Òrùlé: Ọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ ní Ìrántí Bàbá Ẹnjiníà

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 22:8, Sáàmù 90:10-17

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A dúpẹ́ pé a jí ire.

Bàbá kan ló wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí: ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, olórí ilé tó fẹ́ràn aya àtàwọn ọmọ rẹ̀, tí Olúwa ti pè sí ìsinmi. Ẹsẹ Bíbélì tó ń rán mi létí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a sábà ń kà níbi ìrántí. Òfin ilé kíkọ́ ni. Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí, ògiri kúkúrú, yí etí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Òrùlé wọn nígbà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn ń rìn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ráhábù fi àwọn amí pamọ́ sí, ibẹ̀ ni Pétérù gòkè lọ láti gbàdúrà.

Ẹ wò ó dáadáa. Onílé mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ pin sí. Àlejò ló nílò ìgbátí, àti ọmọdé tó ń sáré, àti ẹni tó gòkè lóru láìsí àtùpà. Iṣẹ́ tí bàbá yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn: ó ń ṣírò ewu de àwọn tí kò ní rí sójú láé.

Ó máa ń ṣàlàyé kọnkéré fún wa. Tí wọ́n bá dà á tán, kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ń le, ẹni tí kò mọṣẹ́ á sì rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Wọ́n á ṣì máa bomi rin ín, kó má baà yára gbẹ kó sán. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń dán agbára rẹ̀ wò. Bó ṣe tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó bínú pé wọn ò gbọ́. Lánàá, lónìí, lọ́la, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ ilé rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọrọ àforíjì fún àwọn ọdún tí kò sí nítòsí. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tó kọ́, kò sí èyí tó nira tó ìyẹn, kò sì sí èyí tó lágbára tó o.

Mósè ló gba àdúrà inú Sáàmù 90. Ó ka ọjọ́ ayé, 70 ọdún, tàbí 80 bí agbára bá wà, ó rí i pé a ń fò lọ. Síbẹ̀ ohun tó fi parí àdúrà rẹ̀ ni pé kí Olúwa fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀. Ìwọ tí o jí lónìí, apá wo nínú ilé rẹ ni kò tíì ní ìgbátí? Ṣé gbèsè tí aya rẹ kò mọ̀ ni? Ṣé ìjà ìwọ àti ọmọ ìyá rẹ ni? Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún ẹni rere tí o yá wa, fún ọgbọ́n tí o fi sí i lórí àti àánú tí o fi sí i láyà.

Olúwa, rántí ìyàwó tó fi sílẹ̀. Nígbà tó bá na ọwọ́ lóru tí kò kan ẹnikẹ́ni, kí ó kan ọ́. Di àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ ṣọ̀kan, má jẹ́ kí ogún tú wọn ká.

Ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń gorí ilé, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ìpìlẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ iná lónìí. Mú wọn padà sílé láyọ̀.

Kọ́ wa láti máa ka iye ọjọ́ wa. Dárí jì wá fún àwọn tó ti já bọ́ nítorí àìbìkítà wa, kí o sì fún wa ní ìgboyà láti lọ bá wọn láàárọ̀ yìí. Ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa.

Àmín.