Ojú Tí Òǹkọ̀wé Fi Ń Wo Ìwé Tó Ti Jáde

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí ó ṣe máa ń rí lára òǹkọ̀wé lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ bá ti jáde. Ayọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó jẹ́. Ayọ̀ náà wà lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́. Òǹkọ̀wé á ṣí ìwé tuntun náà, ojú rẹ̀ á sì lọ tààrà síbi gbólóhùn tí kò gún régé àti ibi àmì ohùn tí òǹtẹ̀wé fò. Ẹyin lohùn. Èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé tún le ju èyí tí a fẹnu sọ lọ, torí pé yóò ṣì wà nílé onílé nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti gbọ́n kọjá ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò ni pé òǹkọ̀wé kì í dá fi ojú ara rẹ̀ nìkan wo ìwé rẹ̀. Ojú àwọn tó kà á ló máa ń yá wò ó.

Ní 1829, Nikolai Gogol, ọmọ Ukraine tó ń kọ̀wé lédè Rọ́ṣíà, fi owó ara rẹ̀ tẹ ewì gígùn kan jáde, orúkọ mìíràn ló sì fi sí i lára. Àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọmọ ogún ọdún yìí lọ ra àwọn ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ó sì dáná sun wọ́n.

Ti ilé wa ló dùn mí jù. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Mẹ́sẹ́ńjà ni nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ní 1952, iléeṣẹ́ Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nígbà tó di 1953, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, wọ́n ní Fágúnwà ló ń kó lò, wọ́n ní yóò jẹ́ kí òyìnbó fojú tín-ín-rín wò wá. Ní 1954, a rí i kà nínú ìwé ìròyìn West Africa pé Tutùọlá ti ń lọ sí iléèwé alẹ́, kí ó lè di òǹkọ̀wé gidi.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń kà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris kò tíì ka ara rẹ̀ sí òǹkọ̀wé! Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Àwa ni. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn yé mi, torí pé wọ́n ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wọn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọrùn mẹ́sẹ́ńjà kan ni wọ́n gbé ẹ̀rù náà kọ́. Ó mú nínú Fágúnwà lóòótọ́, àmọ́ àlọ́ tí Fágúnwà náà mú lò kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Mo bọ̀wọ̀ fún un pé kò jáwọ́. Láàrin 1954 sí 1962, ìwé mẹ́rin mìíràn ló jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn The Palm-Wine Drinkard náà sórí ìtàgé n'Íbàdàn lédè Yorùbá, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ni wọ́n pè é, ẹ̀sùn gírámà kò sì rí ibi dúró sí mọ́. Ní 1977, Chinua Achebe wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣàlàyé ọgbọ́n tó wà nínú ìwé náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn tó jáde.

Achebe yìí kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wò. Arrow of God rẹ̀ jáde ní 1964. Ní 1974, ó tún un ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní nínú gbogbo ìtàn àròsọ òun, ìwé yìí ni wọ́n lè bá lọ́wọ́ òun jù tí òun jókòó tí òun ń tún kà, àti pé àtúnkà náà ló jẹ́ kí òun rí ibi tí àtòpọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e padà sídìí ìwé náà, ibẹ̀ ló ti wá rí àléébù. Gogol kò ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ewì tirẹ̀, iná ló sì rí lò.

Irú àtúnṣe tí Achebe ṣe yìí kò ṣeé ṣe láìsí òǹtẹ̀wé tó gbà. Àwọn ìwé Yorùbá kan wà tí wọ́n ń tún tẹ̀ fún iléèwé láti ọdún pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ yí padà. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè nígbà tí òǹkọ̀wé ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá lè rí ẹ̀dà Arrow of God ti 1964 àti ti 1974 kó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì fi bírò sàmì síbi gbogbo tí Achebe ti fọwọ́ kàn.