Àwìn, Ààlà Owó àti Àrólé: Bí Baltimore Ravens Ṣe Pààrọ̀ Ọ̀gá

Ní oṣù kejì ọdún 2018, Steve Bisciotti, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Baltimore Ravens, jókòó síwájú àwọn akọ̀ròyìn. Ó ní Ozzie Newsome, tó ti ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1996 tí wọ́n ti dé Baltimore, máa ṣe ọdún kan péré sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, Eric DeCosta ló kàn. Ó ku ọdún kan gbáko kí àga ṣófo, wọ́n sì ti dárúkọ ẹni tó máa jókòó sí i.

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá nílé àti lẹ́yìn odi. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti àwọn ará Amẹ́ríkà la fẹ́ sọ lónìí, NFL. Ẹ má mikàn bí ẹ ò bá mọ òfin rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tòní kò dé orí pápá. Inú ọ́fíìsì ló wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó tí wọ́n sì ti ń yan ẹni tó máa jẹ máníjà àgbà, ìyẹn ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù tó sì ń bá wọn kọ̀wé owó.

Àwọn èèyàn sábà máa ń ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀: ta ni àrólé ọ̀gá, àti báwo ni ẹgbẹ́ ṣe ń náwó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Gbèsè tí máníjà kan bá jẹ lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíì ló máa san án. Bí ẹni tó máa san án bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, ìṣirò máa ń yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé Premier League mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọlọ́rọ̀ lè san owó oṣù tó ìlọ́po mélòó kan ti ẹgbẹ́ kékeré. NFL kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀, ààlà owó kan náà ni wọ́n sì fà sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Lọ́dún 1994 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni. Lọ́dún 2019 ó ti di mílíọ̀nù 188.2, nígbà tó sì di 2025, mílíọ̀nù 279.2. Owó tẹlifíṣàn ló ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó já wálẹ̀ gan-an ni 2021, lẹ́yìn ọdún Kòrónà tí pápá ṣófo: láti mílíọ̀nù 198.2, ó bọ́ sí 182.5. Àwọn tó ti náwó ọ̀la sílẹ̀ jìyà lọ́dún yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe ń náwó ọ̀la nígbà tí ààlà wà? Àwìn ni.

Ká ní agbábọ́ọ̀lù kan tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún, tí ẹgbẹ́ sì kó mílíọ̀nù 25 dọ́là fún un lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Owó ti wọ àpò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ààlà owó, mílíọ̀nù 5 ni wọ́n máa kọ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọjà ti délé, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Bí ẹgbẹ́ bá wá tú ọmọkùnrin yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù 15 tó kù á rọ́ wọ inú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin kan wà tó ń jẹ́ kí wọ́n pín in sí ọdún méjì bí wọ́n bá ní sùúrù di oṣù kẹfà, àmọ́ kọ́bọ̀ kan kì í dín níbẹ̀. Òkú owó ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún: owó tí wọ́n ń kà sí ẹgbẹ́ lọ́rùn nítorí ẹni tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, tàbí tó ti jókòó sílé.

Ravens mọ ìrora rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 wọ́n na New York Giants ní 34 sí 7 nínú Super Bowl, eré àṣekágbá tí wọ́n fi ń gba ife NFL, wọ́n sì fi àwìn kó ẹgbẹ́ náà jọ fún ọdún kan sí i kí wọ́n lè tún gbà á. Wọn ò rí i gbà. Nígbà tó di 2002, gbèsè ti dójú ẹ̀. Shannon Sharpe lọ, Rod Woodson lọ, Sam Adams lọ, Rob Burnett lọ, Qadry Ismail lọ. Houston Texans, ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kó Jamie Sharper àti Jermaine Lewis. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 ni wọ́n jáwé olúborí nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù 9. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fún Newsome ní oyè máníjà àgbà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní NFL. Ẹ wo irú ilé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́! Àmọ́ òun náà ló ń yan agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, torí náà kò rí ẹlòmíì dá lẹ́bi.

Láti ìgbà yẹn ni Ravens ti di ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù lọ nígbà tí owó rẹ̀ bá kọjá ohun tó tọ́. Òfin NFL náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì ní ipele méje, ètò tí wọ́n ń pè ní draft. Bí àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ bá ju àwọn tó o rà lọ, wọ́n máa fún ọ ní àfikún ìyàn, ìyẹn àyè láti yan ọ̀dọ́ kan sí i, láti ipele kẹta sí ìkeje. Kò sí ẹgbẹ́ tó mọ ọ̀nà yìí tó Ravens. Ẹni tó bá lọ lónìí, wọ́n á fi ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kéré dí àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ọgbọ́n yẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ sí wọn. Joe Flacco, quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, kọ ìwé tí wọ́n gbé fún un kí eré ọdún 2012 tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ó sì gba Super Bowl. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 120.6 dọ́là ni ìwé tó tọwọ́ bọ̀. Ṣé ẹ lè sọ pé rárá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife wálé? Wọ́n ní kí Anquan Boldin dín mílíọ̀nù 2 kù nínú owó rẹ̀, ó kọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ sí San Francisco fún ìyàn ipele kẹfà. Ed Reed gba Houston lọ. Brendon Ayanbadejo, ọmọ tiwa tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, wà lára àwọn tó gba ife náà. Oṣù kẹrin ni wọ́n tú u sílẹ̀. Obafemi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ti àkọ́kọ́. Ilé kan ṣoṣo, ife méjèèjì, ìnira méjèèjì náà. Lọ́dún 2013, eré 8 ni wọ́n jáwé olúborí nínú rẹ̀, wọ́n pàdánù 8.

Àwìn Flacco kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 2016, ẹrù rẹ̀ nínú ìwé máa di mílíọ̀nù 28.55 dọ́là. Kí wọ́n lè rí ibi mí, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún ìwé rẹ̀, wọ́n sì tún kó mílíọ̀nù 40 fún un lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìtọwọ́bọ̀wé. Àwìn lórí àwìn.

Níbi gbogbo tí mo ti ń dárúkọ yìí, DeCosta wà nínú yàrá. Lọ́dún 1996 ló dé, ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ravens ní ètò kan nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ 20/20: àwọn ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ tó ń gba nǹkan bí 20,000 dọ́là lọ́dún, tí wọ́n ń wo fídíò eré, tí wọ́n sì ń wa mọ́tò lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó lójú. Phil Savage, igbákejì Newsome, lọ di máníjà àgbà ní Cleveland lọ́dún 2005. George Kokinis náà lọ síbẹ̀ lọ́dún 2009, ó sì padà wálé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wá DeCosta wá, kò lọ. Lọ́dún 2012 wọ́n sọ ọ́ di igbákejì máníjà àgbà.

Inú mi máa ń dùn sí ìtàn ìdúró yìí, torí mo mọ bó ṣe nira tó. Kí èèyàn mọ iṣẹ́, kí wọ́n máa pè é síta, kó sì jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Àmọ́ Bisciotti náà ṣe ipa tirẹ̀. Ó sọ ìlérí náà ní gbangba, níbi tí kò ti ṣeé gbé mì.

Ibi tó dùn jù lọ rèé. Draft ìkẹyìn Newsome ni ti oṣù kẹrin ọdún 2018. Flacco ṣì wà, gbèsè rẹ̀ ṣì wà. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ni wọ́n mú Hayden Hurst ní ipò 25. Ipele kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Lamar Jackson láti Louisville ṣì jókòó, kò sẹ́ni tó mú un. Newsome pe Philadelphia. Ó fi ìyàn ipele kejì ọdún yẹn àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, pẹ̀lú ti ipele kẹrin kan, ó sì gba ipò 32, tó kẹ́yìn ipele náà, àti ìyàn kékeré kan.

Kí ló dé tó fi sáré wọ ipò 32, tí kò dúró di ọjọ́ kejì tí ipele kejì máa bẹ̀rẹ̀? Òfin owó ni. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá mú ní ipele kìíní, ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró fún ọdún karùn-ún. Ti ipele kejì, ọdún mẹ́rin péré ni. Fún quarterback, ọdún kan yẹn tó wúrà. Gbogbo owó Jackson fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ kò tó mílíọ̀nù 10 dọ́là.

Nígbà tí DeCosta gorí àga ní oṣù kìíní ọdún 2019, ọ̀kan lára àwọn nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó pààrọ̀ Flacco sí Denver fún ìyàn ipele kẹrin. Òkú owó tó ṣẹ́kù sí Ravens lọ́rùn lọ́dún yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 16. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn nọ́ńbà méjì yìí wéra. Owó tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn lọ́dún kan nítorí quarterback tó ti lọ ju gbogbo owó ọdún mẹ́rin quarterback tó dé. Bí kò bá sí Jackson, mílíọ̀nù 16 yẹn ì bá ti fọ́ ọdún àkọ́kọ́ DeCosta túútúú. Ó tún jẹ́ kí C.J. Mosley bá Jets lọ, Terrell Suggs bá Arizona lọ, Za'Darius Smith bá Green Bay lọ.  Eré 14 ni wọ́n jáwé olúborí nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù 2 péré, gbogbo ìbò agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ sì lọ sọ́dọ̀ Jackson. Tennessee ló lé wọn nílé nínú eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nígbà tó di ìpele ìyọkúrò (playoffs).

Nígbà tó yá, ó kan DeCosta láti san owó tirẹ̀. Jackson kò lo aṣojú, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ náà sì fa ju ọdún méjì lọ. Ọdún karùn-ún tí mo sọ yẹn, 2022, ló jẹ́ kí DeCosta lè ní sùúrù. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Jackson kọ ọ́ síta pé òun fẹ́ lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ draft gan-an, wọ́n fẹnu kò: ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 260 dọ́là. Mílíọ̀nù 72.5 ni owó ìtọwọ́bọ̀wé, tó já sí 14.5 lọ́dọọdún nínú ìwé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹrù ọdún 2026 lé ní mílíọ̀nù 74. DeCosta kò ṣèèṣì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ọ̀nà yẹn rí pẹ̀lú Flacco, ó mọ ibi tó ń lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Joe Hortiz, tó ti wà ní Baltimore láti 1998, lọ di máníjà àgbà ẹgbẹ́ Los Angeles Chargers. Wọ́n ti lé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kí eré ọdún 2023 tó parí. Kí oṣù kẹta tó parí, Hortiz ti tú Mike Williams sílẹ̀, ó ti pààrọ̀ Keenan Allen sí Chicago fún ìyàn ipele kẹrin, Khalil Mack àti Joey Bosa sì ti gbà kí wọ́n dín owó wọn kù. Gbogbo àwìn tó wà nínú ìwé tó ṣí lọ́jọ́ tó dé ibẹ̀, ẹlòmíì ló buwọ́ lù ú.